Kí Ni Pẹpẹ Jẹ́ fún Onígbàgbọ́? Àlàyé Lórí Ìsìn, Ẹbọ àti Ìbẹ̀rù Pẹpẹ Ilé Baba

Ní Ìlọrin àti káàkiri gúúsù Kwara, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwa Kristẹni kì í dárúkọ pẹpẹ, síbẹ̀ ohun tí ẹnì kan ní lọ́kàn nígbà tí ó dárúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ rò. Bàbá tí ó jí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìdájí ní Ọmú-Àrán, tí ó ní kí wọ́n wá sí ìdí pẹpẹ, àdúrà ìdílé ni ó ń sọ. Ìyá ìjọ tí ó ń bá ọmọdé wí ní Táńkẹ̀ pé kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, apá iwájú ilé ìsìn ni ó ń sọ, níbi tí tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àti àga àwọn òjíṣẹ́ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé, tí ẹnì kan sì sọ fún un ní ìpàdé òru pé pẹpẹ ilé baba rẹ̀ ni ó ń bá a jà, ọ̀rọ̀ kan náà ni òun náà gbọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni mo ní lọ́kàn jù lọ bí mo ti ń kọ àlàyé yìí. Ohun tí Ìwé Mímọ́ ń fi hàn wá lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ọlọ́run ni ó máa ń kọ́kọ́ tọ ènìyàn wá, pẹpẹ a sì máa tẹ̀ lé e. Àwọn tí a kà nípa wọn kò tẹ́ pẹpẹ kí Ọlọ́run baà lè mọ orúkọ wọn tàbí kí agbára kan baà lè wá sí ọwọ́ wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ nítorí pé Ọlọ́run ti bá wọn sọ̀rọ̀, tàbí pé ó ti gbà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ dá a lóhùn. Bí a bá gbé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí síwájú, gbogbo ohun yòókù nínú ìsìn wa ni yóò dàrú.

Pẹpẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Ibi tí a mọ ga díẹ̀ ni, tí wọ́n ti ń sun ẹbọ tàbí tùràrí sí Ọlọ́run. Nígbà tí Ọlọ́run fún Israẹli ní òfin nípa rẹ̀ ní Ékísódù orí 20, erùpẹ̀ ni ó ní kí wọ́n fi mọ ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ òkúta ni wọn yóò lò, kò gbọdọ̀ jẹ́ òkúta gbígbẹ́, nítorí pé bí irinṣẹ́ ènìyàn bá ti kàn án, wọ́n ti sọ ọ́ di àìmọ́. Ó tún kọ̀ fún wọn láti ṣe àtẹ̀gùn sí i. Òfin yìí kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, nítorí pé Ọlọ́run tí ó fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ọgbọ́n láti ṣe àgọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó wá sìn ín gba ojú mọ́ ẹni tí a ń sìn lọ́wọ́. N kò ní ohunkóhun lòdì sí ìjọ tí ó tẹ́ òkúta dídán síwájú ilé ìsìn rẹ̀, ṣùgbọ́n dídán òkúta kò fi nǹkan kan kún àdúrà ẹni tí ó dúró lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa àgọ́ ìpàdé ní aginjù, pẹpẹ di méjì. Èyí tí ó wà ní àgbàlá jẹ́ igi akasia tí a fi idẹ bò, ìgbọ̀nwọ́ 5 ní gígùn, 5 ní ìbú, 3 ní gíga, ìwo sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti ẹbọ sísun wà. Èyí tí ó wà nínú ibi mímọ́, níwájú aṣọ ìkélé, kéré gan-an: ìgbọ̀nwọ́ kan ní gígùn, ìgbọ̀nwọ́ kan ní ìbú, méjì ní gíga, wúrà ni a fi bò ó, tùràrí sì ni àlùfáà ń sun lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àlùfáà tí ó ń wọlé ní láti kọ́kọ́ kọjá lára pẹpẹ ẹbọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ pẹpẹ tùràrí, ìwé Ìfihàn orí 8 sì so tùràrí pọ̀ mọ́ àdúrà àwọn ènìyàn mímọ́. Ìyẹn ni pé ètùtù ṣáájú àdúrà. Kò sí ẹni tí àdúrà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nítorí pé ohùn rẹ̀ ròkè.

Noa ni ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé ó tẹ́ pẹpẹ, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 8, lẹ́yìn tí ó jáde nínú ọkọ̀. Ìgbàlà ti dé kí ó tó rúbọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ipò tí pẹpẹ wà nínú ìrìn àjò ìgbàgbọ́, Abrahamu ni ó yẹ kí a bá rìn, nítorí pé pẹpẹ rẹ̀ ni a lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Harani ní ẹni ọdún 75. Ó dé Ṣekemu, Ọlọ́run fara hàn án, ó sì ṣèlérí pé irú-ọmọ rẹ̀ ni òun yóò fi ilẹ̀ náà fún. Àwọn ará Kenaani ṣì wà lórí ilẹ̀ náà ní ọjọ́ yẹn, kò sì tíì ní ọmọ kankan, síbẹ̀ ó tẹ́ pẹpẹ síbẹ̀. Ó ṣí lọ sí orí òkè tí ó wà láàárín Beteli àti Ai, ó pàgọ́, ó tún tẹ́ òmíràn, ó sì ké pe orúkọ Olúwa.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàn mú, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ejibiti. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á, tí ó ní kí Sarai sọ pé arábìnrin òun ni, tí Farao sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aya. A kò kà pé ó tẹ́ pẹpẹ kankan ní Ejibiti. Bíbélì kò sọ pé kò gbàdúrà níbẹ̀, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà, orí 13 fara balẹ̀ sọ fún wa pé ó rin ìrìn àjò rẹ̀ títí dé Beteli, dé ibi pẹpẹ tí ó ti tẹ́ ní ìṣáájú, ó sì tún ké pe orúkọ Olúwa níbẹ̀. Ìtùnú ńlá ni ẹsẹ yìí jẹ́ fún onígbàgbọ́ tí ó ti ṣìnà. Abrahamu kò wá aríran tí yóò wo ọ̀nà fún un, kò sì tẹ́ pẹpẹ tuntun tí ó ga ju ti àtijọ́ lọ láti fi tu Ọlọ́run lójú. Ibi tí ó ti fi Ọlọ́run sílẹ̀ ni ó padà sí. Lẹ́yìn tí Lọti sì yan pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi wà, Ọlọ́run tún bá Abrahamu sọ̀rọ̀, ó ṣí lọ sí ìdí igi oaku Mamre ní Hebroni, ó sì tẹ́ pẹpẹ kẹta.

Ẹ kíyè sí i pé Abrahamu ń ká àgọ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣí kiri, ṣùgbọ́n kò gbé pẹpẹ kankan dání. Ó fi wọ́n sílẹ̀ sí ojú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti bá òun pàdé níbẹ̀. Ohun tí ó ń bá a lọ láti ibì kan sí ibòmíràn ni ẹni tí ó fara hàn án.

Pẹpẹ kẹrin, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí ó fi Isaaki ọmọ rẹ̀ rúbọ, ni ó le jù. Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta ni láti dé Moria. Isaaki ni ó ru igi, bàbá rẹ̀ mú iná àti ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó sì sọ fún àwọn ọmọkùnrin tí ó bá wọn wá pé òun àti ọmọ náà ń lọ sìn lọ́hùn-ún, àwọn yóò sì padà wá. Kò sí orin ní Moria, kò sí ìlù, kò sí ìjọ tí ó péjọ. Bàbá kan ni, tí ó ti gba ìlérí, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó ṣe ìlérí náà ju bí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí fúnra rẹ̀ lọ. Ìsìn nìyẹn. Orin tí a ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ìsìn ti parí nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin jókòó kò tíì mọ ohun tí Abrahamu lọ ṣe lórí òkè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì tó gẹ́ẹ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pèsè àgbò.

Àwa tí a ń gbé ní Ìlọrin kò lè ka ìtàn yìí kí á má rántí Iléyá, nítorí pé ìtàn Abrahamu kan náà ni àwọn aládùúgbò àti ẹbí wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ń rántí lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ismaila ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbà pé ó jẹ́ ọmọ náà, tí Bíbélì sì dárúkọ Isaaki. Wọn kì í tẹ́ pẹpẹ. Wọ́n ń dúńbú àgbò, wọ́n ń pín ẹran, ẹran náà sì ń dé ilé àwa Kristẹni pẹ̀lú. Nínú Al-Kùránì, Súrà 22 ẹsẹ 37, ohun tí a kà ni pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ wọn kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí ó wà nínú ẹni tí ó ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbàgbọ́ wa àti tiwọn lórí ètùtù tóbi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹran fúnra rẹ̀ ní agbára kan tí ó ń tu Ọlọ́run lójú yóò rí i pé ìwé méjèèjì ni ó bá a wí.

Nítorí pé àwọn wòlíì Israẹli sọ èyí pẹ̀lú ohùn líle. Ní Àìsáyà orí 1, Ọlọ́run ní ẹbọ wọn ti sú òun, nítorí pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e wá kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n sì mọ́, kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún aláìní baba, kí wọ́n gba ẹjọ́ opó rò. Ní Émọ́sì orí 5, ó ní kí wọ́n mú ariwo orin wọn kúrò lọ́dọ̀ òun, kí òdodo máa ṣàn bí odò. Hosea tilẹ̀ sọ pé bí Efraimu ti ń tẹ́ pẹpẹ púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àní ìwo pẹpẹ tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn lè dì í mú kí ó má sì gbà á. Joabu tí ó ti fi ẹ̀tàn pa olórí ogun méjì sá wọ inú àgọ́ Olúwa, ó di ìwo pẹpẹ mú gírígírí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì pa á sí, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní 1 Àwọn Ọba orí 2. Òfin Mose ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, kí wọ́n mú un kúrò níbi pẹpẹ lọ gba ìdájọ́. Pẹpẹ kì í ṣe ibi ìsásí fún ẹni tí kò ronú pìwà dà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ọ pé kí pẹpẹ tó lè sọ̀rọ̀, owó gbọ́dọ̀ dé orí rẹ̀, Dafidi ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí. Nínú 2 Sámúẹ́lì orí 24, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn, a sì rán Dafidi pé kí ó tẹ́ pẹpẹ sí ibi ìpakà Arauna. Arauna fẹ́ fún un ní ilẹ̀, màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́. Dafidi kọ̀, ó ní òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó lé rúbọ sí Olúwa, ó sì rà á ní ṣékélì fàdákà 50. Ta ni ó gba owó náà? Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni. Wòlíì Gadi tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún un kò gba kọ́bọ̀. Owó tí Dafidi san jẹ́ owó ohun tí ó rà, kì í ṣe owó àánú, nítorí pé kí ó tó dé ibi ìpakà náà rárá ni Olúwa ti sọ fún áńgẹ́lì tí ó ń pa àwọn ènìyàn run pé ó tó, kí ó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní kí ẹ san iye kan kí òun baà lè bá yín gbé pẹpẹ dìde, tàbí kí òun baà lè bá yín wó òmíràn, ẹ mọ̀ pé kò sí ibi tí Dafidi ti fi ẹsẹ̀ ọ̀nà yẹn lélẹ̀.

Gbogbo pẹpẹ wọ̀nyí ń tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo. Nígbà tí obìnrin ará Samaria béèrè lọ́wọ́ Jesu bóyá òkè àwọn baba òun ni tàbí Jerusalẹmu ni ó yẹ kí a ti máa sìn, ó dá a lóhùn pé àkókò ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ lórí òkè yìí, tí kò sì ní jẹ́ ní Jerusalẹmu. Tẹ́ḿpìlì tí ó wà lórí òkè Gerisimu ti wó kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Ti Jerusalẹmu náà wó ní ọdún 70, àwọn ọmọ ogun Romu ni ó wó o. Ìwé Hébérù sọ pé àwọn àlùfáà àtijọ́ ń dúró lójoojúmọ́, wọ́n ń rú ẹbọ kan náà lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n Kristi rú ẹbọ kan ṣoṣo fún ẹ̀ṣẹ̀ títí láé, ó sì jókòó. Ó jókòó nítorí pé iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn èyí, ẹbọ tí ó kù fún onígbàgbọ́ ni èyí tí Hébérù orí 13 dárúkọ, ìyẹn ẹbọ ìyìn tí ó jẹ́ èso ètè wa, àti kí á máa ṣoore kí á sì máa pín nínú ohun tí a ní. Róòmù orí 12 fi ara wa fúnra rẹ̀ kún un, ẹbọ ààyè.

Kí wá ni ohun tí a ń pè ní pẹpẹ nínú ìjọ lónìí? Àwọn ìjọ kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀, ó sì dára kí ọmọ ìjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má baà máa dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, pẹpẹ gidi ni, bíṣọ́ọ̀bù ń fi òróró yà á sí mímọ́, àlùfáà sì ń fi ẹnu kò ó nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Máàsì, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ẹbọ Kristi kan ṣoṣo náà ni ó ń wà níbẹ̀. Àwọn Ánglíkà ń pè é ní tábìlì mímọ́ pẹ̀lú. Ní Bàptísì àti ECWA, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Bíbélì ní Ìgbàjà, àga ìwàásù àti tábìlì Oúnjẹ Olúwa ni ó ṣe pàtàkì. Ní Sẹ̀lẹ́, wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ilé ìsìn, wọ́n sì ń tan àbẹ́là sórí pẹpẹ. Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí á bọ̀wọ̀ fún ibi tí a yà sọ́tọ̀, kí á sì kọ́ ọmọdé láti má fi ibẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí á kọ́ ọ pé Ọlọ́run ń bẹ níbẹ̀ ju bí ó ti ń bẹ lẹ́yìn àga tí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Ìpè sí iwájú pẹpẹ, tí oníwàásù fi ń ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba Jesu jáde wá, kò pẹ́ tó bí àwọn kan ti rò. Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ìpàdé ìsọjí Charles Finney ní nǹkan bí ọdún 1830 sì wà lára ohun tí ó tàn án kálẹ̀. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Kì í ṣe rírìn dé iwájú ni ó gbà wọ́n là.

Nípa ibi tí Ọlọ́run ti lè bá ènìyàn pàdé, kò yẹ kí àwa ará Kwara wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó di ajíhìnrere ìjọ CAC lẹ́yìn náà, tí a bí ní Òdó-Ọ̀wà ní ọdún 1904, ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní oṣù October ọdún 1928, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn, ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó ṣe é, lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohùn tí ó ń pe orúkọ rẹ̀. Kò sí pẹpẹ lójú títì yẹn. Òun kọ́ ni ó pe Ọlọ́run. Ọlọ́run ni ó pè é. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń lọ gbàdúrà ní Ìkéjì-Arákéjì níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ, nítorí pé ibi ìrántí ń gbé ọkàn ró. Ṣùgbọ́n Babalọlá fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó lọ síbi tí a rán an.

Pẹpẹ ìdílé ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí ó kù fún wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Orò, Òkè-Onígbìn àti Àjàṣẹ́-Ìpo, kí ojúmọ́ tó mọ́ ni màmá yóò ti dá orin, láti inú yàrá, kí ó tó jáde. Àwọn ọmọ a máa fi aṣọ ìbora wọn wá, ẹni tí oorun ń kùn a fi ẹ̀yìn ti ògiri. Bíbélì tí wọ́n fi téèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ a bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà, òun ni yóò ka ẹsẹ kan, bàbá yóò máa tún ohùn rẹ̀ ṣe níbi tí ó bá ti gbé e sódì, títí ọmọ náà yóò fi sọ ọ́ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni àdúrà, a ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó, a ó dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ ṣe WAEC, a ó dárúkọ ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí òróró, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ohun tí Léfítíkù orí 6 pa láṣẹ ni mo ń rí níbẹ̀. Iná orí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kú, ṣùgbọ́n kí ó má baà kú, àlùfáà ní láti wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, kí ó kó eérú àná kúrò, kí ó sì to igi tuntun sí i, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń kó eérú ààrò kí ó tó dáná. Eérú yẹn, ẹ̀rí pé Ọlọ́run gba ẹbọ àná ni, síbẹ̀ wọn kò fi í sílẹ̀ kí ó máa pọ̀ títí yóò fi paná. Onígbàgbọ́ tí ó ń sọ lójoojúmọ́ nípa ìsọjí tí ó wà nínú ayé rẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, tí kò sì gbàdúrà láàárọ̀ òní, eérú ni ó ń ṣọ́. Ẹni tí ó ń dá gbé, bíi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ilé ìgbé ní Yunifásítì Ìlọrin, kò nílò ìdílé kí ó tó ṣe èyí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n dẹ́rù bà. Òótọ́ ni pé àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa ní ojúbọ, àwọn kan sì wà ní ilé títí di òní. Gideoni ni Bíbélì fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé bàbá tirẹ̀ gan-an ni ó ni pẹpẹ Baali. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí Àwọn Onídàájọ́ orí 6 ti to ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́run kọ́kọ́ sọ fún Gideoni pé, àlàáfíà fún ọ, má bẹ̀rù, ìwọ kì yóò kú. Gideoni sì tẹ́ pẹpẹ tí ó pè ní Olúwa ni Àlàáfíà. Ní òru ọjọ́ kan náà ni Ọlọ́run tó wá ní kí ó wó pẹpẹ baba rẹ̀. Àlàáfíà ti dé kí ọ̀rọ̀ pẹpẹ Baali tó délẹ̀. Ọlọ́run kò sì sọ fún un pé pẹpẹ yẹn ni kò jẹ́ kí ó rọ́wọ́ mú. Ó ní kí ó wó o nítorí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni Israẹli gbọ́dọ̀ sìn. Bí Baali bá jẹ́ ọlọ́run, bàbá Gideoni wí fún àwọn ará ìlú, kí ó gbèjà ara rẹ̀. Kò gbèjà ara rẹ̀.

Ìtàn Balaamu tún ràn wá lọ́wọ́ sí i. Ní Númérì orí 23, Balaki ọba Moabu tẹ́ pẹpẹ méje ní ibì kan, méje ní ibòmíràn, méje ní ibì kẹta, ó jẹ́ 21 lápapọ̀, màlúù kan àti àgbò kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí Balaamu aláfọ̀ṣẹ baà lè gégùn-ún fún àwọn ọmọ Israẹli, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ń lọ. Àwọn ènìyàn náà wà nínú àgọ́ wọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn kò ṣe ìṣọ́ òru láti fi dá a dúró. Ìbùkún ni ó jáde lẹ́nu Balaamu, ó sì jẹ́wọ́ pé kò sí àfọ̀ṣẹ kan tí ó lè ran Jakọbu. Bí ẹ bá jẹ́ ti Kristi, tí ó sọ àwọn agbára òkùnkùn di ẹni ìtìjú ní gbangba lórí àgbélébùú gẹ́gẹ́ bí Kólósè orí 2 ti wí, àìríṣẹ́ yín kì í ṣe ẹ̀rí pé pẹpẹ kan ń bá yín jà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jesu náà béèrè lórí afọ́jú kan bóyá ẹ̀ṣẹ̀ òun ni tàbí ti àwọn òbí rẹ̀, ó sì ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ gbàdúrà, ẹ máa wá iṣẹ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún un, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìbẹ̀rù fún yín.

Ẹ má sì wó ojúbọ onílé mìíràn. Ilé baba rẹ̀ ni Gideoni ti ṣe é, Ọlọ́run sì ni ó rán an. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù rí pẹpẹ tí wọ́n kọ 'Sí Ọlọ́run Àìmọ̀' sí ní Atẹni, kò fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀.

Ìbéèrè kan tí ó yẹ kí á máa béèrè nípa pẹpẹ, tí a kì í sábà gbọ́ ní ìpàdé òru, ni èyí tí Jesu fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Mátíù orí 5. Ó ní bí ẹnì kan bá ti mú ẹ̀bùn rẹ̀ dé ibi pẹpẹ, tí ó sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan nínú sí òun, kí ó fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà. Galili ni ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí, Jerusalẹmu sì ni pẹpẹ wà, ọ̀nà tí ó jìn ju láti Ìlọrin dé Ọmú-Àrán lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Ìyẹn ni pé ará Galili tí ó bá gbọ́ràn yóò fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀, yóò rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan padà sí ilé, yóò tọrọ àforíjì, kí ó tó tún gbéra. Nítorí náà, ẹni tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ọ̀fà, tí ó sì ń múra láti gba Oúnjẹ Olúwa ní Ìlọrin ní Sọ́ńdè tí ń bọ̀, kí ó kọ́kọ́ pe àbúrò náà lórí fóònù, tàbí, èyí tí ó dára jù, kí ó wọ mọ́tò lọ bá a ní Sátidé.